Ẹni Tó Pè Mí Ní Ìyàwó Lẹ́bàá Kànga

Àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà nìyí: èmi, Dinah Ọdẹ́wálé, ìyàwó ilé Ọdẹ́wálé ní Ìlobù, Tèmilọlá, ọmọ ọmọ mi, Fàwáz, ọmọ Ìfọ́n-Ọ̀ṣun tó fẹ́ fi í ṣaya, àti Rísíkátù, obìnrin tó ń mú àlejò káàkiri erékùṣù tí wọ́n ń kó ẹrú gbà láyé àtijọ́ ní Àgbádárìgì. Ọmọbìnrin kan tún wà níbẹ̀. Rísíkátù àti Fàwáz ní àwọn kò rí i. Ìyẹn kò kàn mí. Èmi rí i.

Tèmilọlá ló ní kí á lọ. Ó ní kí n tó kọ̀ fún òun láti fẹ́ ará Ìfọ́n, kí á jọ rìnrìn àjò, kí n fi ojú ara mi wo irú ẹni tí Fàwáz jẹ́. Èmi ti sọ tèmi tẹ́lẹ̀ pé n kò gbà. Ní ilé wa, a máa ń sọ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan pé láyé àwọn baba ńlá, ọmọbìnrin wa kan lọ ṣẹ́gi ní ọ̀nà Ìfọ́n, àwọn ará ibẹ̀ sì jí i gbé tà. A kì í dárúkọ rẹ̀. Èmi tí mo mọ ìran ilé náà láti orí ẹni àkọ́kọ́ tó tẹ̀ ẹ́ dó, n kò mọ orúkọ ọmọ yẹn.

A wọ ọkọ̀ ojú omi ní Àgbádárìgì, a kọjá ọ̀sà. Fàwáz dì mí lọ́wọ́ mú kí n lè sọ̀ kalẹ̀. Mo gba ọwọ́ mi padà. Erékùṣù náà dára. Igi àgbọn wà lọ́tùn-ún lósì, àwọn ọ̀dọ́ ń ya fọ́tò. Rísíkátù gé àgbọn tútù fún wa, ó ń ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń kó àwọn ẹrú gba ojú ọ̀nà oníyanrìn yẹn lọ sí etí òkun. Ó ní bí ó bá rẹ̀ mí, ẹṣin wà níwájú tí mo lè gùn. Nígbà tí mo rí ẹṣin náà, mo ní ó jọ pé ó dàgbà jù mí lọ, kí wọ́n jẹ́ kó sinmi.

Ṣùgbọ́n bí a ti ń sún mọ́ òkun ni ìró rẹ̀ ń dínkù. Mo rò pé etí mi ni.

Kànga kan wà lójú ọ̀nà. Rísíkátù ní wọ́n máa ń fún àwọn ẹrú ní omi rẹ̀ mu kí wọ́n lè gbàgbé ilé, pé àlejò kò ní láti mu ún. Tèmilọlá rẹ́rìn-ín, ó bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó tọ́ ọ wò.

Ìgbà náà ni mo gbọ́ ohùn lẹ́yìn mi.

"Ìyàwó, o ò kí mi?"

Mo yíjú. Ọmọbìnrin tí kò tíì pé ogún ọdún ni. Eyín rẹ̀ funfun. Omi ń kán lára aṣọ rẹ̀, yanrìn tí omi náà ń kán sí kò sì tutù. Inú bí mi. Ta ni ọmọdé yìí tó ń bá ìyá àgbà sọ̀rọ̀ bí ẹgbẹ́ rẹ̀? Mo ti la ẹnu kí n tó rántí pé ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti pè mí ní ìyàwó. Àwọn ọmọ ilé tí wọ́n bí kí n tó wọlé, tí wọ́n ní ẹ̀tọ́ láti pè mí bẹ́ẹ̀, a ti sin gbogbo wọn. Àfi ẹyọ kan.

Mo kúnlẹ̀ nínú yanrìn. Mo ní, "Ẹ kú àtijọ́ o, ọkọ mi."

Fàwáz bi mí pé ta ni mò ń kí. Ṣùgbọ́n Tèmilọlá ti na ọwọ́ sí ọmọbìnrin náà, wọ́n sì ti ń lọ sí etí òkun. Mo pe Tèmilọlá, kò wẹ̀yìn. Fàwáz rántí omi kànga náà, ó sáré bọ́ síwájú rẹ̀, ó ní kó sọ orúkọ ara rẹ̀. Kò mọ̀ ọ́n. Ó ń wo ọkọ àfẹ́sọ́nà rẹ̀ bí ẹni ń wo ògiri.

Mo ní, "Ẹ dá a padà fún mi."

Ọmọbìnrin náà fèsì jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Ẹ ti gbàgbé orúkọ mi nílé. Ẹ fún mi ní tèmi, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, tirẹ̀ ni màá fi wálé."

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní àwọn ará Ìfọ́n ló ṣe iṣẹ́ ibi náà, kì í ṣe àwa. Ó rẹ́rìn-ín.

"Ìfọ́n wo? Àbúrò bàbá mi ló fà mí lọ́wọ́ jáde nílé. Òun náà ló ní kí ẹnikẹ́ni má dárúkọ mi mọ́."

Mo wo Fàwáz, ọmọ Ìfọ́n. Ó ti di Tèmilọlá mú níbàdí, ó ki gìgísẹ̀ bọ yanrìn, ohun tí kò rí sì ń wọ́ òun náà lọ sínú omi. Kò jọ̀wọ́ rẹ̀. Àwọn tó fi irọ́ lé mi lọ́wọ́ kò sí níbẹ̀. Èmi ni mo kù.

Mo na ẹ̀yìn mi ṣánṣán lórí ìkúnlẹ̀. Mo ní, "N kò mọ orúkọ yín, n kò sì ní purọ́. Bí mo tilẹ̀ mọ̀ ọ́n, èmi tí mo jẹ́ ìyàwó, n kò gbọdọ̀ pè é. Èmi ni mo ní ẹ̀tọ́ láti sọ yín ní orúkọ tí màá máa pè yín, kò sì sẹ́ni tó lè gbà á lẹ́nu mi, ì báà ṣe àbúrò bàbá, ì báà ṣe òkun. Eyínfúnjowó ni mo pè yín. Eyínfúnjowó, ẹ fi ọmọ mi sílẹ̀."

Ó dúró. Ó pe orúkọ náà lábẹ́ ètè, bí ẹni ń tọ́ ọbẹ̀ wò. Ìró òkun sì padà lẹ́ẹ̀kan náà, ó pariwo débi pé Rísíkátù di etí. Tèmilọlá jókòó gbì sílẹ̀, ó ní, "Màmá, kí ló dé tí ẹ kúnlẹ̀?"

Nígbà tí à ń padà, ẹni tó ń wa ọkọ̀ ní kí á sún, pé ẹrù wa wúwo. Fàwáz ní àwa nìkan náà ni. Èmi sún, mo fi àyè sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Àyè náà tutù títí a fi gúnlẹ̀.

Àwọn ọkùnrin ilé ní kí n má sọ ọ́ síta, pé yóò ba orúkọ ilé jẹ́. Mo bi wọ́n pé orúkọ wo. Mo ti fọwọ́ sí ìgbéyàwó náà, ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn kó wá bá mi nílé.

Tèmilọlá, bí o bá dé ilé ọkọ rẹ ní Ìfọ́n, béèrè àwọn ọmọbìnrin tí wọn kì í sọ̀rọ̀ wọn. Bí wọ́n bá ní kò sí, má bá wọn jiyàn. Kúnlẹ̀, kí o sì sọ àwọn ọmọbìnrin náà lórúkọ.