Ìgò Itọ́ Kan Láti Ṣímáwà

Òótọ́ ni mo fẹ́ sọ o. Èmi tí ẹ mọ̀ sí onírọ́ yìí, ẹ yọ̀ǹda ti òní fún mi. Kareemat tó ṣojú ẹ̀ ṣì wà ní Ṣàgámù, lókè ṣọ́ọ̀bù obì Alhaji Bẹ̀llò, bàbá ẹ̀. Ẹ lọ bi í. Àmọ́ ẹ má lọ ní ìrọ̀lẹ́ o. Tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, kì í sọ ọ́.

Iṣẹ́ Kareemat ni kó máa túmọ̀ èsì DNA. Ẹni tí wọ́n kó ìran ẹ̀ lẹ́rú láyé ọjọ́un á tutọ́ sínú ìgò ní òkè òkun, láàbù á yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á fi nọ́ńbà rẹpẹtẹ ránṣẹ́ sí i. Kò ní í mọ orí, kò ní í mọ ìdí. Kareemat ló máa bá a kà á, tí á sì sọ apá ibi tó ti ṣẹ̀ wá fún un. Bàbá ẹ̀ máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́.

"Èmi ń ta obì, ọmọ mi ń ta itọ́. Ta ló rí iṣẹ́ ṣe nínú wa?"

Ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà ẹ̀ ni Lọ̀rẹ́tà, ará Amẹ́ríkà. Àwọ̀ ẹ̀ dúdú bíi tiwa, ìrìn ẹ̀ bíi ti ará Ìkẹ́nnẹ́, ṣùgbọ́n tí ẹ bá kí i ní Yorùbá, á kàn máa wo ẹnu yín bí ẹni ń wo tẹlifíṣọ̀n. DNA ẹ̀ bá ti ọmọkùnrin kan mu, tó ń gbé ní Kánádà. Ọmọ ilé Ògúnṣínà ni, ní abúlé kan lẹ́bàá Ṣímáwà. Ìbátan ọ̀nà jíjìn ni o. Ìyẹn náà tó fún Lọ̀rẹ́tà láti wọ bàálù.

Kì í ṣe pé ó kàn wá wo ojú wọn. Ìyá ẹ̀ kú lọ́dún tó kọjá. Kó tó kú, ó ní, "Mú mi délé." Lọ̀rẹ́tà gé díẹ̀ nínú irun ìyá ẹ̀, ó dì í sínú áńkáṣíìfù. Irun yẹn ló fẹ́ sin sílé Ògúnṣínà.

Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Nínú yín, ta ló máa jẹ́ kí wọ́n ri irun àjèjì mọ́lẹ̀ nínú ilé ẹ̀? Kí Lọ̀rẹ́tà tó dé rárá ni Kareemat ti lọ bá Bàbá Ògúnṣínà, olórí ilé. Bàbá ní rárá.

"Ìbátan orí fóònù nìyẹn. Irun ẹni tí n ò mọ̀, kí n lọ rì í sáàárín àwọn òkú wa? Tó bá wá di nǹkan míì sí wa lọ́rùn ńkọ́?"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tutọ́ sínú ìgò yìí. Tó bá jẹ́ ọmọ yín lóòótọ́, á hàn níbẹ̀."

Bàbá wo ìgò. Ó gbé e wọ yàrá lọ. Ó pẹ́ díẹ̀. Nígbà tó jáde, ìgò ti kún.

"Tí eléyìí bá jẹ́rìí ẹ̀, kó mú irun ẹ̀ wá. Tí kò bá jẹ́rìí, kó gbé e padà lọ."

Ọjọ́ tí èsì dé, Lọ̀rẹ́tà wà lọ́ọ̀fíìsì Kareemat. Ọ̀sán ni. Òórùn obì àti ewé tútù ń gòkè bọ̀ látìsàlẹ̀. Kareemat ṣí kọ̀ǹpútà. Ó kà á. Ó pa á dé. Ó tún ṣí i.

"Kí ló sọ?" Lọ̀rẹ́tà bi í.

Kareemat mú obì gbànja kan, ó là á sí méjì.

"Àǹtí, ẹ wò ó. Awẹ́ kan láti ọ̀dọ̀ bàbá yín, awẹ́ kan láti ọ̀dọ̀ ìyá yín. Tí ẹ bá bímọ, awẹ́ kan lẹ máa fún un. Ọmọ ọmọ yín á gba ààbọ̀ awẹ́. Bó ṣe ń lọ sísàlẹ̀ ló ń kéré sí i. Ẹ̀yin àti bàbá Ṣímáwà yẹn, èérún ló yẹ kó pa yín pọ̀."

"Èérún náà dà?"

Kareemat gbé odidi awẹ́ kan lé e lọ́wọ́.

"Ìyá àti ọmọ ni wọ́n kọ síbí," ló wí, ohùn ẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Wọ́n ní obìnrin ló ni itọ́ yẹn. Wọ́n ní òun ló bí yín."

Lọ̀rẹ́tà wo awẹ́ obì tó wà lọ́wọ́ ẹ̀. "Ìyá mi ò ṣe àyẹ̀wò yìí rí. Ìyá mi ti kú."

Kareemat pe láàbù. Wọ́n ní àwọn ò pààrọ̀ ìgò, àwọn tiẹ̀ ṣe é lẹ́ẹ̀mejì. Ni Kareemat àti Lọ̀rẹ́tà bá kó sínú mọ́tò, ó di Ṣímáwà.

Abúlé yẹn ò jìnnà sí títì márosẹ̀. Tọ̀sán tòru lẹ ó máa gbọ́ ìró tírélà, hùn-ùn-ùn, kì í dáwọ́ dúró. Àwọn ọmọ ibẹ̀ ò tiẹ̀ mọ̀ pé ìró kan ń dún. Ó ń dún nígbà tí Kareemat kúnlẹ̀ níwájú Bàbá.

"Bàbá, ẹ má bínú. Itọ́ ta lẹ fún mi?"

Bàbá bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ ọmọ Bẹ̀llò yìí, o kàwé, àmọ́ o ò gbọ́n. Kí n tutọ́ ẹnu mi fún ẹni tí n ò rí, kó máa fi ṣe mí bó ṣe wù ú? Ta ló ń ṣe bẹ́ẹ̀?"

"Kí ló wá wà nínú ìgò?"

"Omi." Ó na ọwọ́ sí yàrá inú. "Ojú oórì Àbẹ̀ní wà níbẹ̀, ìyá tó bí gbogbo wa. Láyé òwò ẹrú, wọ́n jí ọmọ ẹ̀ obìnrin gbé lọ́nà odò. Ọmọ yẹn ò padà wá. Àtìgbà yẹn la ti ń pọn omi sínú ìkòkò níbẹ̀ dè é, kó lè rí omi mu tó bá dé. Mo bu díẹ̀ nínú ìkòkò. Mo ní tí ẹnì kan bá máa jẹ́rìí, Àbẹ̀ní ló yẹ."

Omi ìkòkò o. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ṣe ló yẹ kí láàbù ní àwọn ò rí nǹkan kan níbẹ̀.

"Kí ni wọ́n wá rí?" Bàbá bi í.

"Wọ́n ní ẹni tó ni omi yẹn ló bí Àǹtí Lọ̀rẹ́tà."

Bàbá dìde. Ó di Lọ̀rẹ́tà lọ́wọ́ mú. "Ẹ̀rí yìí ti ju èyí tí mo béèrè lọ. Ẹ gbé ọkọ́ wá."

Wọ́n gbẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú oórì Àbẹ̀ní, wọ́n sin irun náà. Gbogbo wọn jáde, wọ́n ti ilẹ̀kùn yàrá, wọ́n jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ibẹ̀ kún. Kò ku ẹnì kankan sínú yàrá.

Ni ìró tírélà bá dáwọ́ dúró.

Kareemat ló kọ́kọ́ mọ̀. Adìyẹ dákẹ́. Ewé ò mì. Nínú yàrá tí wọ́n tì, wọ́n gbọ́ bí ẹni sọ ẹrù kalẹ̀. Ohùn obìnrin kan wá jáde, ó rẹ̀ ẹ́ bí ẹni rìn jìnnà.

"Ẹ kú ilé o."

Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ẹ̀yin ńkọ́, ṣé ẹ máa dáhùn? A kì í jẹ́ ohùn tí a ò rí olóhùn. Àwọn obìnrin fọwọ́ bo ẹnu.

"Ẹ kú ilé o."

Lọ̀rẹ́tà gbá ọwọ́ Kareemat mú. "Kí ló ń sọ?"

"Ìkíni ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni."

"Ohùn màmá mi nìyẹn. Wọn ò sọ Yorùbá rí láyé wọn."

Kareemat yíjú sí Bàbá. "Tí a ò bá dá wọn lóhùn ńkọ́?"

"A jẹ́ pé wọn ò tíì délé nìyẹn," ni Bàbá wí.

Ó ṣí fìlà lórí. Ó kọjú sí ilẹ̀kùn yàrá.

"Ẹ kú àbọ̀ o."

Gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ wá gbà á. Ẹ kú àbọ̀. Ọmọdé, àgbà, ẹ kú àbọ̀. Lọ̀rẹ́tà pè é bí ahọ́n ẹ̀ ṣe mọ, tirẹ̀ ló sì ròkè jù. Omijé ń bọ́, ó ń jó. Ẹnì kan gbé orin, ilé gbà á, ìró tírélà padà sójú títì. Ọmọ ilé Ògúnṣínà ni Lọ̀rẹ́tà láti ọjọ́ náà. Ẹ dán an wò kẹ́ ẹ pè é ní àlejò lójú Bàbá.

Mo bi Kareemat léèrè. Mo ní, ta ló kí yín gan-an, ṣé Àbẹ̀ní ni àbí ìyá Lọ̀rẹ́tà?

Ó wo ojú ọ̀run bóyá ilẹ̀ ti ń ṣú. Ó ní èsì yẹn ò sọ pé méjì ni wọ́n.