Orúkọ Tí A Kì Í Dáhùn

"Tàjùdéèn Láwàl!"

"Mo wà níbí, sà!"

"Wùnmí Adélàjà!"

"Mo wà níbí, sà!"

Wùnmí ni ó wọ iṣẹ́ kẹ́yìn nínú àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi kan ní Èbúté Ìkòròdú. Ọdún 1955 ni; ọmọ Agbówà ni, ọmọ ọdún méjìdínlógún, ó sì ń já tíkẹ́ẹ̀tì fún àwọn èrò Ẹ̀pẹ́. Ní àràárọ̀, kí ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó ṣí, Bàbá Olúsànyà, ọ̀gá wọn, á pe orúkọ gbogbo wọn láti inú ìwé. Bí ó bá ti pe Wùnmí tán, àwọn ọkùnrin á ṣí fìlà, Bàbá á sì pe orúkọ kan tó kù:

"Bísíríyù Sàlàkọ́!"

Ẹnikẹ́ni kì í dáhùn. Wọn á dákẹ́ díẹ̀, wọn á dé fìlà padà, iṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kejì nìyí, Wùnmí kò sì béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó ti dá ẹjọ́ náà fúnra rẹ̀: ọ̀lẹ paraku ni Bísíríyù yìí, ọ̀gá ni kò láyà láti lé e. Ẹ gbọ́ ẹjọ́ ọmọdé! Ó sọ ọ́ fún Kúbúrátù, tí wọ́n jọ kàwé ní Agbówà, àwọn méjèèjì sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

"Ṣebí ìwọ lo mọ èèyàn sín jẹ," ni Kúbúrátù wí. "Bá a dáhùn lọ́la. Mò ń lọ sí Ẹ̀pẹ́, màá wà níbẹ̀. Àbí ẹ̀rù ń bà ọ́?"

Ọkàn Wùnmí sọ fún un pé kò yẹ. Ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí ọ̀rẹ́ òun pe òun ní ojo.

Ní ọjọ́ kejì, bí Bàbá ti pe Bísíríyù, Wùnmí mú ohùn rẹ̀ ki bí ti ọkùnrin: "Mo ti dé o, sà!"

Kúbúrátù bú sẹ́rìn-ín láàárín èrò. Òun nìkan ni. Tàjùdéèn yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Nígbà náà ni Ìyá Mùlíkátù, tó ń gbálẹ̀ lẹ́yìn ọ́fíìsì, sáré yọ, ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, gèlè ti bọ́ lórí.

"Ta ló dáhùn?" Ó ń wo ojú àwọn ọkùnrin lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ẹ jọ̀ọ́, ta ló dáhùn?"

Wùnmí rọra na ọwọ́ sókè. "Èmi ni, mà. Mo kàn ń ṣeré ni."

Obìnrin náà wò ó títí, ó sì padà lọ gbálẹ̀.

"Ọkọ rẹ̀ ni Bísíríyù," ni Bàbá Olúsànyà wí. "Ó ti di ọdún mẹ́rin tí ìjì dé bá ọkọ̀ wa nítòsí Ìjẹ̀dè. Bísíríyù fa èèyàn mẹ́fà jáde nínú omi, ó padà lọ mú ẹnì keje, kò sì jáde mọ́. A kò rí òkú rẹ̀. Àwa òṣìṣẹ́ la jọ pinnu pé orúkọ rẹ̀ kò ní kúrò nínú ìwé."

Kò bú u. Ìbá sàn kó bú u. Lọ́jọ́ náà, Wùnmí ń já tíkẹ́ẹ̀tì láìlè wo ojú èrò kankan; ó ń ṣe é bíi kí ilẹ̀ lanu gbé e mì.

Nírọ̀lẹ́, ó lọ kúnlẹ̀ nílé Ìyá Mùlíkátù.

"Ẹ dákun, mà. N kò mọ̀ ni."

"Ṣé o béèrè?"

Wùnmí mi orí pé rárá.

"Mo ti dárí jì ọ́, ọmọ mi. Mo mọ̀ pé ó ti kú. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ yìí, mo gbàgbé. Mo sáré jáde láti wá pàdé rẹ̀." Ó fi ìborùn nu ojú. "Mo ti bẹ Bàbá kí wọ́n má pè é mọ́. N kò tún lè gbọ́ orúkọ náà ní èbúté."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Bàbá pe Wùnmí, ó dáhùn, àwọn ọkùnrin sì ṣí fìlà gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. Bàbá pa ìwé dé. Wọ́n dúró bẹ́ẹ̀, fìlà lọ́wọ́, wọn kò mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n dé e padà. Wùnmí sorí kọ́, ó ń sunkún.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ìbá ti gbà á lọ́wọ́ ìtìjú yìí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹ bá bá àṣà kan níbi iṣẹ́ tí kò yé yín, ẹ béèrè kí ẹ tó fi ṣe ẹ̀rín. Wọ́n dárí ji Wùnmí lóòótọ́, ṣùgbọ́n títí ó fi kúrò lẹ́nu iṣẹ́ náà, ẹnikẹ́ni kò pe Bísíríyù Sàlàkọ́ mọ́.