Bàbá Oore-ọ̀fẹ́ Dúpẹ́ Àná

Bí èèyàn bá ṣe Ọládipúpọ̀ lóore lónìí, ilẹ̀ ọ̀la kì í mọ́ tán kó tó dúpẹ́. Bí wọ́n ṣe tọ́ ọ ní Ìgèdè nìyẹn. Káfíńtà ni, òun ni bàbá Oore-ọ̀fẹ́. Láti ìgbà tó ti jábọ́ láti orí òrùlé tó ń kàn, tí okùn inú eegun ẹ̀yìn rẹ̀ ṣèṣe, tí kò sì mọ nǹkan kan lára mọ́ láti ìbàdí dé àtẹ́lẹsẹ̀, fóònù ló fi ń dúpẹ́.

"Alàgbà, ẹ ṣé àná o! Iṣu yẹn dùn." "Dàmọ́lá, àbúrò mi, o ṣé àná."

Kò sí ẹni tí kì í pè, àfi ẹnì kan ṣoṣo. Inú ilé wọn ládùúgbò Fájuyì lẹni náà wà, ó ń po ẹ̀kọ fún un.

Olúyẹ́misí ìyàwó rẹ̀ ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń da ìtọ̀ rẹ̀ nù, òun ló sì ń yí i padà lórí ibùsùn ní wákàtí méjì-méjì, tọ̀sán-tòru, kí ara rẹ̀ má baà bó. Ọdún kan àti oṣù mẹ́rin rèé.

Ẹ má tíì bínú sí Ọládipúpọ̀ o. Kì í ṣe aláìmoore. Ojú ló ń tì í. Bó bá fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀, omijé a kọ́kọ́ dé, a sì gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Nígbà tó wá rí i lọ́jọ́ kan tó ń tòògbé lórí ìjókòó, síbí ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó dá ọgbọ́n kan.

"Ìyá Oore, lọ sùn," ló máa ń wí. "Mo ti yí ara mi padà."

Irọ́ gbuu! Kò yí ibì kankan. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀, Nọ́ọ̀sì Adéfúnkẹ́ tó máa ń wá yẹ̀ ẹ́ wò dé. "Ẹ kú ulé o!" Ó yí Ọládipúpọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó wo ìdí rẹ̀, ẹ̀rín sì kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ibì kan ti dúdú níbẹ̀, ó fẹ̀ tó ọmọrí ìgò, ó sì gbóná.

"Ta ló ń yí wọn padà?"

Olúyẹ́misí káwọ́ lérí. "Mo gbé! Èmi ni. Mo sùn, Nọ́ọ̀sì. Èmi ni mo sùn!" Ó kúnlẹ̀, ó ń sunkún.

Bí Ọládipúpọ̀ bá dákẹ́, ọrùn obìnrin yìí ni ẹ̀bi máa wà títí ayé. Ó fi ọwọ́ bojú.

"Nọ́ọ̀sì, kì í ṣe òun. Èmi ni mo purọ́ fún un. Mo fẹ́ kó sinmi ni. Bí mo ṣe fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn."

"Ẹ gbà mí o! Ẹ fẹ́ fi ọpẹ́ sọ ọ́ di opó?" Nọ́ọ̀sì jókòó tì í. "Bàbá Oore, ara yín ò lè ké sí yín mọ́ bó bá ń dùn ún. Ibi tẹ́ ẹ bá dùbúlẹ̀ lé pẹ́ á máa kú díẹ̀díẹ̀. Egbò rẹ̀ lè jẹ dé eegun, ó sì lè pa èèyàn. Èyí ò tíì bó, a dúpẹ́. Ẹ má fara lé e rárá. Bó bá bó, ọjọ́ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ wá bá wa nílé ìwòsàn."

Ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú. "Ọwọ́ yìí ṣì lágbára. Ẹ jẹ́ kí wọ́n so okùn mọ́ ibùsùn, kẹ́ ẹ máa fi fa ara yín. Ẹ máa fi dígí wo ìdí yín láàárọ̀ àti lálẹ́. Èyí tẹ́ ò bá lè ṣe, ẹ pe ìyàwó yín. Ìyá Oore, ta ló ń gbaṣẹ́ lọ́wọ́ yín kẹ́ ẹ lè sinmi?"

"Kò sí. Dàmọ́lá máa ń béèrè ohun tó lè ṣe, a máa ń ní kò sí nǹkan kan."

"Ẹ pè é. Màá kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń yí wọn padà."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Olúyẹ́misí gbé ẹ̀kọ wọlé. Ọládipúpọ̀ ti mú fóònù lọ́wọ́ bó ṣe máa ń ṣe. Ó gbé e kalẹ̀.

"Yẹ́misí." Ó pẹ́ tó ti fi orúkọ pè é. "O ṣé àná."

"Kí ni mo ṣe lánàá?"

"O wẹ̀ mí. O yí mi padà. O kúnlẹ̀ fún ẹ̀ṣẹ̀ tí o ò dá." Omijé ti dé, ṣùgbọ́n kò gbé ọ̀rọ̀ mì lọ́tẹ̀ yìí. "O ṣé àná, o ṣé ìjẹta, o ṣé láti ọjọ́ tí mo ti jábọ́."

Olúyẹ́misí jókòó sétí ibùsùn, ó sunkún, ó sì tún ń rẹ́rìn-ín. "Bàbá Oore, ẹ̀kọ yín ń tutù o."

"Jẹ́ kó tutù. Mi ò tíì dúpẹ́ tán."

Ẹ̀yin tí wọ́n ń tọ́jú nílé, ẹ má fi ìnira yín pamọ́ nítorí pé ẹ fẹ́ ṣàánú ẹni tó ń tọ́jú yín. Ẹ tètè sọ ọ́. Ohun tí ọwọ́ yín bá ká, ẹ ṣe é. Ẹ̀yin ẹbí àti aládùúgbò, iṣu yín dára, ṣùgbọ́n ẹ wá gba iṣẹ́ ṣe níbẹ̀ náà, kí olùtọ́jú lè sùn. Bí ilẹ̀ ọ̀la bá sì mọ́, kẹ́ ẹ tó gbé fóònù láti dúpẹ́ lọ́wọ́ ará ìta, ẹ kọ́kọ́ wo ẹni tó gbé ẹ̀kọ wọlé.