Pọ́ọ̀sì Ṣẹ́dà Apollonia

Pọ́ọ̀sì náà gbóná. Nǹkan àkọ́kọ́ tí kò yé Notburga nìyẹn. Yìnyín ń bọ́ lójúde ní ìlú Fiyénà, ọwọ́ Ọ̀gbẹ́ni Ambros tó gbé e wá tutù bí omi àmù, síbẹ̀ pọ́ọ̀sì ṣẹ́dà náà lọ́ wọ́ọ́wọ́ bí ẹyin tí adìyẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí rẹ̀.

Iṣẹ́ dídi ojú ewé pọ̀ di ìwé ni Ambros ń ṣe ní ìsàlẹ̀ àdúgbò. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí Apollonia ìyàwó rẹ̀ ti kú. Obìnrin náà ló fi abẹ́rẹ́ ya òdòdó sára pọ́ọ̀sì yìí nígbà tó wà ní wúńdíá. Aṣọ inú rẹ̀ ti wá ya.

"Rosina ọmọ wa ń ṣègbéyàwó lọ́jọ́ Àìkú," ni Ambros wí, ó ń yí fìlà lọ́wọ́. "Ogún ìyá rẹ̀ tó kù lọ́wọ́ mi nìyí. Ẹ dákun, ẹ bá mi rán an."

"Iṣẹ́ wákàtí kan ni," ni Notburga fèsì. Obìnrin tí kò lọ́kọ ni, ẹni ogójì ọdún, tó ń rán pọ́ọ̀sì tó sì ń ta káàdì ìkíni.

Ó rán an lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Nígbà tí ilẹ̀ Ọjọ́rú máa fi mọ́, ojú ibẹ̀ ti tú, wọ́n sì ti ká òwú náà jọ rogodo sórí tábìlì. Ó tún un rán. Lọ́jọ́bọ̀, ó tún tú. Òórùn kànáfùrù gba inú yàrá, bẹ́ẹ̀ Notburga kì í jẹ kànáfùrù.

Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ni obìnrin kan wọlé, ó sanra, ó dé fìlà aláwọ̀ ewé. Kò dúró kí wọ́n fi àga lọ̀ ọ́ kó tó jókòó.

"Ò ń rán an pa," ló sọ lójú ẹsẹ̀. "O ò tiẹ̀ wo inú ẹ̀ kó o tó máa gún un lábẹ́rẹ́?"

"Màmá, iṣẹ́ mi ni mò ń ṣe. Bí ẹ bá fẹ́ ra káàdì, ẹ sọ."

"Áà! Ẹnu ẹ mú ju abẹ́rẹ́ ẹ lọ." Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin yẹn nílò ẹni tí á máa dá a lóhùn."

Notburga yíjú láti mú àlùmọ́gàjí. Nígbà tó máa yíjú padà, àga ti ṣófo. Agogo ẹnu ilẹ̀kùn kò dún. Yìnyín tẹ́ lójúde pẹrẹsẹ, kò sí ojú ẹsẹ̀ kan nínú rẹ̀.

Ó padà sídìí pọ́ọ̀sì náà. Ó ti ìka bọ ibi tó ya, ó sì fa káàdì kékeré kan jáde, àfọwọ́ṣe, tí wọ́n lẹ ṣẹ́dà àti ìwé aláwọ̀ wúrà mọ́. Bí èèyàn bá fa ahọ́n ìwé tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ìyá kan á yọ láàárín òdòdó, á na ọwọ́ bí ẹni ń súre. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Rosina ọmọ mi, bí o ti ń relé ọkọ, mo gbàdúrà pé kí" — ó tán síbẹ̀.

Notburga sáré lọ pe Ambros. Omijé lé sójú ọkùnrin náà.

"Ìkọ̀wé Apollonia ni. Àìsàn ni kò jẹ́ kó parí ẹ̀."

"Ṣé ó sanra? Ṣé ó máa ń dé fìlà aláwọ̀ ewé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Kànáfùrù kì í sì í kúrò lẹ́nu ẹ̀."

"Ó wá síbí lónìí," ni Notburga sọ.

Ambros gbé ojú sókè kúrò lára káàdì. "Ṣé ó bú yín?"

"Ó bú mi."

"Òun náà ni."

Wọ́n fi káàdì náà sílẹ̀ lórí tábìlì pẹ̀lú kálàmù àti tàdáà. Ní òwúrọ̀ Àbámẹ́ta, ọ̀rọ̀ ti pé: "kí ẹ̀rín má ṣe wọ́n nílé rẹ láé." Notburga rán pọ́ọ̀sì náà. Lọ́tẹ̀ yìí, kò tú. Níbi ìgbéyàwó, Rosina ka káàdì, ó sunkún, ó rẹ́rìn-ín, gbogbo èèyàn sì bá a rín in. Ambros bá Notburga jó títí bàtà fi ń ta á lẹ́sẹ̀, ó sì bi í bóyá òun lè máa yà kí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Notburga ní kó máa bọ̀.

Inú rẹ̀ dùn délé. Ó ṣí àpótí káàdì tó ń tà, kó lè mú ọ̀kan tó máa fi dúpẹ́ lọ́wọ́ Rosina. Èyí tó wà lókè pátápátá kì í ṣe òfìfo mọ́. Tàdáà rẹ̀ kò tíì gbẹ:

"Notburga, Ambros máa ń hanrun gan-an. Sún un sí ẹ̀gbẹ́ òsì, á dákẹ́. Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń sún un lálaalẹ́. Apá ti ń ro mí."