Aago Tí Kò Mọ Ẹrù

Ọdún kọkànlélógún rèé tí Harkabir Rai ti ń ṣe alágbàárù lójú ọ̀nà òkè Salleri. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó jókòó ti oúnjẹ, ó ń wo ìrẹsì bí ẹni ń wo ọ̀tá.

"Ìyá Sumnima, èyí ti pọ̀ jù. Bù ú kúrò."

"Kí n bu kí ni kúrò?" Jasmaya ìyàwó rẹ̀ kò tilẹ̀ gbójú sókè nídìí ààrò. "Èyí tí kò tó ológbò jẹ!"

"Aago ní 1,700 ni mo lò lánàá. Sumnima sì ní n kò gbọdọ̀ jẹ ju èyí tí mo bá lò lọ."

Sumnima ọmọ wọn ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní Kathmandu, olú ìlú wọn. Lóṣù tó kọjá ni àyẹ̀wò fi hàn pé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ bàbá rẹ̀ ga díẹ̀. Dókítà ní kó dín ṣúgà inú tíì kù. Ẹ̀rù ba ọmọ, ló bá bọ́ aago ọwọ́ tirẹ̀ fún un, irú èyí tó ń ka kálórì, ìyẹn agbára tí ara ń rí nínú oúnjẹ tó sì ń ná sórí iṣẹ́. Láti ọjọ́ náà, ìrẹsì àti ọbẹ̀ dáàlì tí Harkabir ń jẹ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ ti di ìlàjì. Okùn ló fi ń di ṣòkòtò mọ́dìí báyìí.

Àpò ìrẹsì ni ẹrù ọjọ́ yẹn, ọgọ́ta kílò. Ó fi námlò, ìgbàjá tó so mọ́ apẹ̀rẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀, kọ́ iwájú orí, ó fi ọwọ́ méjèèjì di okùn rẹ̀ mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí bí gbogbo wọn ti ń ṣe, ó ń gòkè.

"Harke, ẹsẹ̀ ẹ ń gbọ̀n o!" Birkha ọ̀rẹ́ rẹ̀ pariwo lẹ́yìn. "Ìwọ lo ru ìrẹsì, ìwọ náà lebi ń pa. Ṣé aago ló máa bá ẹ rù ú ni?"

"Fi mí sílẹ̀ jàre."

Níbi àtẹ̀gùn òkúta, ojú rẹ̀ ṣú. Ó fi ọ̀pá tí àwọn alágbàárù máa ń gbé apẹ̀rẹ̀ lé láti sinmi wá ilẹ̀, ọ̀pá kò bá ilẹ̀. Ó ṣubú tòun tẹrù, orúnkún rẹ̀ sì dún kọ̀. Birkha ju àpò ìrẹsì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó gbé ọ̀rẹ́ rẹ̀ sínú apẹ̀rẹ̀, ó sì rù ú sọ̀ kalẹ̀ lọ sílé ìwòsàn.

Nígbà tí Sumnima dé lọ́jọ́ kejì, Pabitra, nọ́ọ̀sì ibẹ̀, kò bá a jà. Ó so aago náà mọ́ ọn lọ́wọ́.

"Gbé ọwọ́ méjèèjì sétí. Rìn yí àgbàlá yìí po."

Sumnima rìn. Iye orí aago fẹ́rẹ̀ẹ́ má yí.

"Sọ ọwọ́ kalẹ̀ wàyí, kó o máa jù ú." Iye náà bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. "O rí i? Ìfì apá ni irú èyí ń kà. Bí ọwọ́ bá ti wà létí, ó rò pé èèyàn ń sinmi ni. Kò mọ ẹrù rárá. Ìwọ̀n ara ẹni ló sì fi ń ṣírò. Kílò ara ta ló wà nínú ẹ̀?"

"Tèmi ni, àǹtí. Mi ò rántí yí i padà."

"Ohun tí bàbá ẹ ń lò lè ju ìlọ́po méjì èyí tí aago kọ lọ. Ṣúgà tíì ni wọ́n ní kó dín kù. Ìwọ wá dín oúnjẹ kù."

"Ire ni mo rò."

"Ẹ má bá a wí mọ́," Harkabir sọ látorí bẹ́ẹ̀dì. "Èmi tí mo mọ̀ pé ebi ń pa mí ńkọ́?"

Wọ́n to eegun tó kán náà, ṣùgbọ́n orúnkún yẹn kò ní gbé ẹrù mọ́ láéláé. Jasmaya ló ń lọ fọ́ òkúta lójú títì báyìí, ní ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta. Ó ń rẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́, kò sì sinmi.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ru ẹrù, ẹ̀yin tí ẹ ń gbẹ́lẹ̀, aago lè ṣi agbára tí ẹ ń lò kà. Ẹ máa wọn ara yín lórí òṣùwọ̀n lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Bí aṣọ bá ń tóbi sí yín lára, tí ẹsẹ̀ ń gbọ̀n, tí òòyì ń kọ́ yín, ẹ lọ rí nọ́ọ̀sì. Ẹ má sì dín oúnjẹ òṣìṣẹ́ kù láìbéèrè lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n, bó ti wù kí ìfẹ́ yín sí i pọ̀ tó. Bí ebi bá pa yín lójú ọ̀nà, ẹ sọ ẹrù kalẹ̀, kí ẹ jẹun.