Piyánò Tí Wọ́n Ta Òróró Sí

Ọjọ́ tí Oyèníran fi iṣẹ́ ẹrù-gbígbé sílẹ̀ ní èbúté Kirikiri, tó di irinṣẹ́ sínú ọmọlanke, tó ní òun yóò máa tì í kiri láti ìjọ dé ìjọ láti tún piyánò tó ti bàjẹ́ ṣe, ọjọ́ náà gan-an ni ìjọ àtijọ́ kan ní Ajégúnlẹ̀ ránṣẹ́ pè é wá tún tiwọn ṣe. Ọjọ́ márùn-ún ló kù kí bíṣọ́ọ̀bù dé. Ìjọ mẹ́ta ní Àpápá ń dẹtí: bí ti Ajégúnlẹ̀ bá dún, wọ́n á pè é. Bí kò bá dún, kó padà sí èbúté, bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá ṣì lè gba ẹrù.

Piyánò náà ti pẹ́. Ọkọ̀ òkun ló gbé e dé Àpápá nígbà ìjọba òyìnbó. Ọkùnrin mẹ́rìndínlógún tí wọ́n wọ ṣòkòtò péńpé gbé e léjìká gba inú ẹrẹ̀ dé ìjọ náà. Akínsànyà, bàbá tó bí bàbá Oyèníran, wà lára wọn. Lórí afárá pákó, igun piyánò náà kan já lulẹ̀, ó sì kán Akínsànyà lẹ́sẹ̀. Òyìnbó bèèrè ẹni tó jẹ̀bi. Kò sẹ́ni tó rí i. Akínsànyà fúnra rẹ̀ ló ní, "Ọwọ́ mi ló yọ̀, sà." Wọn kò gbà á síṣẹ́ ní èbúté mọ́ títí tó fi kú.

Oyèníran yí àwọn èèkàn irin tí wọ́n so okùn piyánò mọ́. Ohùn gòkè, ó dára. Kó tó mu omi tán, ohùn ti wálẹ̀. Ó tún yí i. Ó tún wálẹ̀. Ó bá tan tọ́ọ̀ṣì sínú: pákó tí wọ́n kan èèkàn mọ́ ti dúdú, ó ń dán, ó ń rùn bí òróró ólífì.

"Ta ló ń da òróró síbí?"

Ìyá Ọlábímtán, opó ẹni tó ń tẹ piyánò náà tẹ́lẹ̀, dìde lórí bẹ́ǹṣì. "Èmi ni. Ní Sọ́ńdè àkọ́kọ́ lóṣooṣù, láti ìgbà tí bàbá wọn ti lọ. Mò ń yà á sí mímọ́ ni."

Tóbilọ́ba, akọ̀wé ìjọ, fa Oyèníran sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣáà mánéèjì ẹ̀ kó kọjá Sọ́ńdè. Ẹ fi nǹkan há àwọn èèkàn yẹn. Tó bá tún wálẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀yin ti lọ. Kí lẹ fẹ́ dójú ti Mama fún?"

Ó ṣeé ṣe. Oyèníran mọ bí wọ́n ṣe ń há a. Ó wo pákó náà títí.

"Kò lè di ohùn mú," ló wí, "àfi ká pààrọ̀ pákó."

Mama sún mọ́ ọn. "Èmi ni mo bà á jẹ́?"

"Ẹ̀yin ni, Mama. Àdúrà yín dára. Pákó ni kò gbọ́ àdúrà. Òróró nìkan ló mu."

Kò sunkún. Ó jókòó, ó tún gèlè rẹ̀ wé.

Kíbọ́ọ̀dù ni wọ́n fi kọrin níwájú bíṣọ́ọ̀bù. Ìjọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní Àpápá kò pe Oyèníran.

Lọ́jọ́ Ajé, tí Oyèníran wá kó irinṣẹ́ rẹ̀, Mama ti dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà.

"Pákó yẹn, ṣé a lè rí òmíràn?"

"A lè rí i. Yóò pẹ́."

"Èmi náà ò yára mọ́. Bẹ̀rẹ̀."

Ọ̀sẹ̀ kan ló fi tú okùn. Lẹ́yìn náà, ó gbé pákó dúdú náà sórí ọmọlanke, ó ń tì í lọ sí ìsọ̀ agégi kí wọ́n lè gé irú rẹ̀, lójú ọ̀nà tí Akínsànyà wọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá láyé ọjọ́un. Mama ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó fọwọ́ di pákó náà mú kó má baà yọ̀.