Ẹnu Mẹ́ta Tó Tọrọ Ràúdátù

Ọkùnrin náà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù bí ẹni tó ń tẹ́tí sí ẹyẹ. Eruku ọ̀nà Àjàṣẹ́ ti sọ bàtà rẹ̀ di pupa, ìwé wà lábíyá rẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì là sílẹ̀ díẹ̀. Ràúdátù rí i láti ẹnu ọ̀nà ilé wọn ní Sakẹ́tẹ́, àyà rẹ̀ já. Ẹni tó bá ń ṣọ́ ọkọ̀ báyìí, bí kò bá ṣe aṣọ́bodè, olè ni.

"Kí lẹ ń wá, musíé?"

"Ohùn ni. Gẹ̀ẹ́sì ni awakọ̀ yìí ń sọ. Èmi tí mò ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní yunifásítì Dàkáà, mi ò gbọ́ ọ̀kan níbẹ̀!"

Ràúdátù ti rẹ́rìn-ín kó tó rántí pé ẹ̀rù ń ba òun.

Basile ni, ọmọ Ògúnṣínà, àgbẹ̀ elépo ní Pobẹ̀. Òyìnbó Faransé kan ló ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì, ẹnu ẹni yẹn nìkan ni etí rẹ̀ mọ̀. Nígbà tí wọ́n gbé ohùn oríṣiríṣi wá síbi ìdánwò, etí rẹ̀ di pátápátá. Lẹ́yìn ìsinmi, yóò tún ìdánwò náà ṣe.

Ilé Múdàṣírù, bàbá Ràúdátù, sì rèé, àwọn oníṣòwò ló ń wọ̀ síbẹ̀: awakọ̀ ará Kùmáásì, alóbì láti Kánò, télọ̀ Sàró. Gẹ̀ẹ́sì kálukú wọn ní adùn tirẹ̀. Ràúdátù ló ń gbé oúnjẹ fún wọn láti kékeré, òun náà ló sì ń ṣe ògbufọ̀ fún bàbá rẹ̀.

Bí Basile ṣe ń gun kẹ̀kẹ́ wá lọ́jọọjọ́ ọjà nìyẹn. Á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, á gbọ́, á tún un sọ.

"Ti Kánò yìí ń sáré bí ẹṣin."

"Ti Sàró ńkọ́?"

"Orin ni. Ṣùgbọ́n tìrẹ ló dùn jù, Ràúdá mi."

"Ṣé oyin ni wọ́n fi ń fọ ẹnu ní Dàkáà ni?"

Ràúdátù ń ṣọ́ ojú bàbá rẹ̀ ṣáá, síbẹ̀ ọkùnrin yìí ń wù ú. Kò rí ọ̀mọ̀wé tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ àlejò bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ rí.

Àṣìṣe kan ló wà níbẹ̀. Alárenà ló máa ń ṣáájú ọkùnrin dé ilé ọmọge. Basile kò rán ẹnikẹ́ni. Ó ní Gẹ̀ẹ́sì lòun wá kọ́. Àdúgbò ò gbà bẹ́ẹ̀.

"Ọmọ Ògúnṣínà," Múdàṣírù pè é, "ẹnu ta lo fi ń tọrọ ọmọ mi? Àbí kò ní baba? Má padà wá mọ́."

Ràúdátù tí kì í lè gbójú sókè wo bàbá rẹ̀, ó lọ kúnlẹ̀ níwájú àwọn àlejò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. "Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ ṣe alárenà wa."

Nígbà tó di Jímọ̀, wọ́n gbé obì wá. Múdàṣírù ní kí wọ́n pe Basile. "Ìwọ gan-an ni kó o túmọ̀ ọ̀rọ̀ wọn fún mi."

Ará Kùmáásì sọ tirẹ̀, Basile túmọ̀ rẹ̀. "Ó ní mi ò sá fún iṣẹ́, mo bá a ti ọkọ̀ nínú ẹrẹ̀."

Télọ̀ sọ tirẹ̀. "Ó ní mo mọ àgbà."

Alóbì wá da tirẹ̀ sílẹ̀, ó gùn, ó yára. Alárenà kì í fi àbùkù pamọ́. Òógùn bo Basile. Ràúdátù di ojú.

"Ó ní... ó ní onígbàgbọ́ ni mí, mi ò sì ní ju kẹ̀kẹ́ lọ. Ó ní ká ní ọmọ òun ni, òun á rò ó dáadáa."

Múdàṣírù bú sẹ́rìn-ín. "Bó ṣe wí gẹ́lẹ́ nìyẹn!"

"Bàbá, ẹ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì?" Ẹnu ya Ràúdátù.

"Oníṣòwò tó bá ń fi gbogbo ohun tó gbọ́ hàn, ṣé ó ń tajà?" Ó yíjú sí Basile. "Ẹni tó gbé ọ̀rọ̀ tó bu òun fúnra rẹ̀ débi tó ń lọ láìdà á nù, kò ní da ọmọ mi nù. Ìrun rẹ̀ ńkọ́?"

"Èmi ni n ó máa pọn omi àlùwàlá rẹ̀, Bàbá."

Basile yege ní Dàkáà. Nígbà ìsinmi tó tẹ̀lé e, wọ́n sin Ràúdátù lọ sílé ọkọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ní Pobẹ̀, bó ṣe ṣílẹ̀kùn báyìí, búta àlùwàlá ló bá lẹ́nu ọ̀nà, omi kún un. Basile wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, korobá tó fi pọnmi ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.